Orí Keje: Nígbà Tí Pákéèjì Bá Yarí Lẹ́yìn Ìgbésókè

Ẹni tó ti ń lo kọ̀ǹpútà tipẹ́ yóò ti rí irú rẹ̀ rí. Ó gbé operating system rẹ̀ sókè sí ẹ̀dà tuntun, ẹ̀rọ pa ara rẹ̀, ó tún ara rẹ̀ tàn, gbogbo nǹkan sì ń lọ geerege. Ìgbà tó wá fẹ́ fi pákéèjì kan kún un ni pákéèjì ọ̀hún yarí kanlẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá dé ibí yìí, pákéèjì yẹn ni wọ́n máa ń dojú ìjà kọ: wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un gbà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá ọ̀nà tí wọn yóò fi tì í wọlé tipátipá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Èrò tí orí yìí yóò gbé kalẹ̀, tí yóò sì jà fún, ni pé pákéèjì tó kọ̀ lẹ́yìn ìgbésókè sábà máa ń sọ òtítọ́ fún wa nípa ẹ̀rọ náà lódindi: apá kan rẹ̀ ti kúrò níbi tí apá kejì ṣì wà. Ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ni bóyá ètò ìpìlẹ̀ àti àwọn pákéèjì tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹni tí kò bá tíì dáhùn ìyẹn kò ní ìdí kankan láti fura sí pákéèjì kan ṣoṣo.

OpenBSD ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé díẹ̀ ni operating system tó gbé ọ̀rọ̀ yìí síta gbangba bíi tirẹ̀. Ìlú Calgary, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, ni orírun rẹ̀. Theo de Raadt, tí wọ́n bí sí Pretoria ní South Africa ní 1968, tó bá àwọn òbí rẹ̀ dé Kánádà ní kékeré, tó sì gboyè ní University of Calgary, ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1995 lẹ́yìn tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ nínú NetBSD, operating system mìíràn, ti pínyà. Ibi tó fìdí sí ṣe iṣẹ́ náà láǹfààní, torí pé òfin Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ń dí kóòdù ìfọ̀rọ̀pamọ́ lọ́wọ́ láti jáde sílẹ̀ òkèèrè, òfin náà kò sì mú ẹni tó bá kọ tirẹ̀ ní Calgary. Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, mẹ́wàá nínú àwọn tó ń kọ ọ́ péjọ sí Calgary láti jọ ṣiṣẹ́ lójú kan; ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, OpenSSH jáde pẹ̀lú OpenBSD 2.6. OpenSSH yìí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, ní Kútọnu àti ní London fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn lónìí, kódà bí wọn kò bá tíì gbọ́ orúkọ OpenBSD rí.

Inú ilé de Raadt ní Calgary ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ iṣẹ́ náà wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, wọ́n bọ́ síta láti tọrọ nǹkan bí 20,000 dọ́là tí wọn yóò fi san owó iná mànàmáná àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Àwọn kan béèrè nígbà náà pé kí ló dé tí wọn kò kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà alágbára kan ṣoṣo. Ìdáhùn rẹ̀ kan ẹ̀kọ́ wa gbọ̀ngbọ̀n: oríṣi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni OpenBSD fi ń kọ́ ẹ̀dà ti ara rẹ̀, sparc64 lórí sparc64, alpha lórí alpha. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, bí ó bá sì jáde, kernel tó jẹ́ ọkàn operating system, láíbúrárì àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún pákéèjì ló jọ jáde, tí a ti kọ́ àwọn pákéèjì náà lórí ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀dà yẹn gan-an. Ètò ìpìlẹ̀ àti pákéèjì kì í ṣe ọjà méjì tí a rà ní ìsọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé nǹkan kan ti yàtọ̀ láàárín wọn? Nípasẹ̀ nọ́ńbà tó wà lára láíbúrárì ni. Láíbúrárì ni àkójọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ prógíráàmù jọ ń pín lò, kí oníkálukú má baà máa kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni libc, ibẹ̀ ni prógíráàmù ń gbà bá kernel sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ̀ lórí dísíìkì máa ń rí bíi libc.so.97.1. Nọ́ńbà iwájú, 97, máa ń yí padà nígbà tí wọ́n bá yọ iṣẹ́ kan kúrò tàbí tí wọ́n bá pààrọ̀ bí a ṣe ń pè é, débi pé prógíráàmù tó mọ ti tẹ́lẹ̀ yóò ṣìnà. Nọ́ńbà ẹ̀yìn, 1, máa ń gòkè nígbà tí wọ́n bá kàn fi iṣẹ́ tuntun kún un láìfọwọ́ kan ti àtijọ́. Gbogbo pákéèjì ló ń gbé àkọsílẹ̀ nọ́ńbà tó bá pàdé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Pákéèjì tó béèrè 97.1 yóò gba 97.2, torí ohun tó fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Kò ní gba 97.0, kò sì ní gba 98.0. Bí télọ̀ tó fi ìwọ̀n tó gbà lọ́wọ́ ẹni ran aṣọ ni ọ̀rọ̀ yìí rí: aṣọ náà kò ní àbùkù kankan, ara tí wọ́n fi wọn ọ́n ló ti yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí pkg_add, àṣẹ tó ń gbé pákéèjì wọlé lórí OpenBSD, máa ń kọ sójú síkírìnì nígbà tó bá kọ̀. Àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ ti àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí:

|library c.97.1 not found
| /usr/lib/libc.so.97.0 (system): minor is too small

Ìlà méjì péré ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kà wọ́n dé òpin kí wọ́n tó ṣí íntánẹ́ẹ̀tì láti wá ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ìlà àkọ́kọ́ sọ ohun tí pákéèjì béèrè. Ìkejì sọ ohun tó bá nílẹ̀, ibi tó ti bá a, ẹni tó ni ín, àti ìdí tí kò fi gbà á. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkámọ́ yẹn, system, ń sọ pé láti inú ètò ìpìlẹ̀ ni láíbúrárì náà ti wá. Bó bá jẹ́ orúkọ pákéèjì mìíràn ló wà níbẹ̀, àárín pákéèjì sí pákéèjì ni ìjà náà wà, ètò ìpìlẹ̀ kò lọ́wọ́ sí i. Nígbà mìíràn, bad major ni yóò wà ní ìparí ìlà kejì, ìyẹn ni pé nọ́ńbà iwájú fúnra rẹ̀ kò bára mu.

Ibi tí ẹ̀rí náà ti dùn ni pé ó ní ìhà tó kọjú sí. Bí nọ́ńbà tó bá nílẹ̀ bá kéré sí èyí tí pákéèjì béèrè, ètò ìpìlẹ̀ ló rẹ̀yìn: ó lè jẹ́ pé ìgbésókè náà kò parí, tàbí pé ẹ̀dà tó jáde gẹ́gẹ́ bí release ni ẹni náà ń lò, tó sì lọ mú pákéèjì nínú snapshot, ìyẹn ẹ̀dà ojoojúmọ́ tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Bí èyí tó bá nílẹ̀ bá tóbi jù pẹ̀lú nọ́ńbà iwájú tó yàtọ̀, pákéèjì ló rẹ̀yìn, a ó sì wádìí ibi tí ẹ̀rọ ti ń mú un. Àṣẹ sysctl -n kern.version yóò sọ ẹ̀dà ètò ìpìlẹ̀ gan-an. Fáìlì /etc/installurl yóò sọ àdírẹ́sì tí pkg_add ń lọ. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn dáadáa: kí /etc/installurl tó dé pẹ̀lú ẹ̀dà 6.1 ní ọdún 2017, àwọn ènìyàn máa ń kọ àdírẹ́sì náà sínú PKG_PATH, nínú fáìlì .profile wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà nínú rẹ̀. Ìgbésókè kì í fọwọ́ kan .profile. Ìlà tí ẹnì kan kọ síbẹ̀ tó sì gbàgbé ṣì ń borí installurl lónìí, ó sì ń rán ẹ̀rọ tuntun lọ mú pákéèjì àtijọ́. Ẹni tó bá ń bá pákéèjì jà lè jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kó má rí ìlà yẹn. Ẹni tó bá béèrè ìbéèrè ẹgbẹ́ kíákíá yóò dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ètò ìgbésókè fúnra rẹ̀ tún ń dá kún ìtànjẹ náà. Láti ẹ̀dà 6.6 ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, sysupgrade ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún: ó máa ń gba àwọn fáìlì sílẹ̀ sínú /home/_sysupgrade, ó ń fi signify yẹ òǹtẹ̀ wọn wò, á wá pa ẹ̀rọ, á tún un tàn láti fi wọ́n sípò. Ó rọrùn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ètò ìpìlẹ̀ nìkan ló ń gbé sókè. Àwọn pákéèjì inú /usr/local ń dúró de pkg_add -u, tí ẹni tó ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò bá ṣe é kì í sábà mọ̀ pé òun gbé iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín méjì, nítorí pé ìgbésókè kì í pa àwọn láíbúrárì àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú /usr/lib. Ó kàn ń gbé tuntun tì wọ́n ni. Prógíráàmù àná ṣì ń rí libc àná. Ohun tó fà á nìyẹn tí ẹni tó ń ráhùn fi máa ń sọ pé gbogbo tòun ń ṣiṣẹ́ àfi pákéèjì kan yìí. Òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ ohun tó fà yọ nínú rẹ̀ ni kò tọ́: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n wà nínú ayé àtijọ́, èyí tó kọ̀ ni àkọ́kọ́ tó wo ayé tuntun lójú.

Àtakò kan wà tí ẹni tó ti gbó nínú iṣẹ́ yìí lè gbé dìde. Yóò ní òun ti fi orúkọ 97.0 fún libc.so.98.0 nípa àṣẹ ln -s, prógíráàmù sì ṣí, ó ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Èsì rẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀dà 5.5, tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Títí di ìgbà yẹn, báìtì mẹ́rin ni OpenBSD ń fi tọ́jú àkókò, ìyẹn iye ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Báìtì mẹ́rin náà yóò kún ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2038, aago yóò sì fò padà sí ọdún 1901. Wọ́n sọ ọ́ di báìtì mẹ́jọ lórí gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá wo prógíráàmù àtijọ́ tó béèrè ìgbà tí wọ́n kọ fáìlì kan gbẹ̀yìn. Ó ti ya àyè báìtì mẹ́rin sọ́tọ̀ fún ìdáhùn náà, ó sì to ìwọ̀n fáìlì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láíbúrárì tuntun dé, ó da báìtì mẹ́jọ sílẹ̀. Mẹ́rin tó ṣẹ́kù bọ́ sórí ohun tó tẹ̀ lé e, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn sì sún kúrò ní àyè wọn. Prógíráàmù náà lè má kú rárá. Yóò ka nọ́ńbà àkókò sí ìwọ̀n fáìlì, yóò fi ṣírò, yóò sì kọ èsì náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Ó burú ju kíkú lọ, nítorí pé prógíráàmù tó kú ń kéde ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó bàjẹ́ ń dúró jẹ́ẹ́ títí ẹnì kan yóò fi gbára lé e. Kíkọ̀ tí pkg_add kọ̀ ni kò jẹ́ kí irú èyí wọlé. Ẹni tó fi ln -s yí orúkọ láíbúrárì padà ti dí ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní.

Àtakò kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n á ní kí ló dé tí àwọn ará Calgary kò fi lè ṣe bíi Linux, níbi tí Linus Torvalds kò ti gbà kí kernel tuntun ba prógíráàmù àtijọ́ jẹ́? Ìlànà yẹn ní iyì, mo sì gbà pé ó ti dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, kò pa ìṣòro náà. Ó gbé e lọ sí ibòmíràn ni. Lórí Linux, ẹni tó bá mú prógíráàmù tí wọ́n kọ́ lórí ẹ̀rọ tuntun lọ sórí ẹ̀rọ àtijọ́ mọ ìkìlọ̀ tó ń sọ pé GLIBC_2.34 kò sí dáadáa. Ìbéèrè ẹgbẹ́ náà ni, ní èdè mìíràn. Ọ̀rọ̀ ọdún 2038 sì dúró de Debian, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, náà. Ọdún 2024, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn OpenBSD 5.5, ni Debian ṣe ìyípadà tirẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ 32-bit, wọ́n sì fi t64 kún ìparí orúkọ ọ̀pọ̀ láíbúrárì. Nígbà tí Ubuntu 24.04, tó ti ara Debian wá, jáde ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ẹni tó bá kọ apt install libasound2 gẹ́gẹ́ bí ìwé àtijọ́ ṣe kọ́ ọ ń gba èsì pé pákéèjì náà kò ní ẹ̀dà tó ṣeé gbé wọlé, torí pé libasound2t64 ló ti ń jẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a sún síwájú kò dín kù, ó sì ń dé nígbà tí ohun tó rọ̀ mọ́ ọn ti pọ̀ sí i.

Ìdí mìíràn tún wà tí wọn kò fi fẹ́ so ara wọn mọ́ ti àná: ààbò. Ní ẹ̀dà 7.5, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n yọ syscall kúrò pátápátá, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí prógíráàmù lè gbà pe iṣẹ́ kernel yòówù nípa nọ́ńbà rẹ̀ nìkan. Ẹnu ọ̀nà yẹn rọ àwọn tó ń já wọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn lọ́rùn jù. Ẹni tó bá fi dandan lé e pé kí prógíráàmù ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn máa ṣiṣẹ́ láìpààrọ̀ ń ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Àtakò tí mo kà sí èyí tó wúwo jù lọ ni ti owó. Àtìlẹyìn tí OpenBSD ń ṣe kò kọjá ẹ̀dà méjì tó jáde gbẹ̀yìn, ìyẹn nǹkan bí ọdún kan. A kò sì gbọ́dọ̀ fo ẹ̀dà kan láàárín nígbà ìgbésókè. Ní Calgary, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé kì í sábà ka mẹ́gábáìtì mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, èyí kò tó nǹkan. Ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi dátà orí fóònù ṣe gbogbo rẹ̀, tí iná sì lè lọ nígbà tí pkg_add -u wà láàárín, ẹrù gidi ni. Ọ̀nà kan tó ń dín in kù ni pé kí ẹnì kan gba àwọn fáìlì ẹ̀dà náà àti pákéèjì tí wọ́n nílò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó gbé wọn sórí sáfà inú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, kí gbogbo ẹ̀rọ tó kù sì kọ àdírẹ́sì sáfà yẹn sínú /etc/installurl. Òǹtẹ̀ signify yóò ṣì fi hàn bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan wọn. Ẹni tí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe fún, ẹ̀dà LTS Ubuntu tó ń gba àtìlẹyìn ọdún márùn-ún tọ́ sí i ju OpenBSD lọ. Ìyẹn kò tú èrò wa palẹ̀: ọdún márùn-ún kò mú ìbéèrè ẹgbẹ́ kúrò, ó kàn mú kí ó pẹ́ kó tó dé.

Àwọn ìkọ̀sílẹ̀ kan wà tó jọ ti ẹgbẹ́ tí kì í ṣe òun. Bí pkg_add bá sọ pé ìpín dísíìkì kan kò tóbi tó, kí a fi df -h wo /usr/local: nígbà ìgbésókè, pákéèjì tuntun máa ń bọ́ sílẹ̀ kí ti àtijọ́ tó kúrò, nítorí náà àyè àwọn méjèèjì ni a nílò. Bí iná bá ti lọ láàárín iṣẹ́, orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú partial yóò wà nínú /var/db/pkg, pkg_check yóò sì bá wa tún un ṣe. Láti ẹ̀dà 6.0 ti ọdún 2016, prógíráàmù tó fẹ́ kọ kóòdù sínú ìrántí kó sì ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀ nílò wxallowed lórí ìpín tó wà. Ẹ̀rọ tó ti wà ṣáájú ìgbà náà lè má ní in nínú /etc/fstab, pákéèjì yóò wọlé ní àlàáfíà, yóò sì kọ̀ láti ṣí. Àwọn wọ̀nyí kò ní nọ́ńbà láíbúrárì kankan nínú ìkìlọ̀ wọn, òun ni a ó fi dá wọn mọ̀.

Ìgbà tí sysctl àti installurl bá ti bára mu, tí PKG_PATH kò sí mọ́, tí pkg_add -u ti parí láìsí ìkìlọ̀, tí àyè sì wà lórí dísíìkì, tí pákéèjì kan ṣoṣo ṣì kọ̀, ìgbà yẹn ni ó tọ́ láti fura sí i. Bí ó bá jẹ́ snapshot ni a ń lò, kí a kọ́kọ́ dúró díẹ̀, torí pé ètò ìpìlẹ̀ snapshot lè ṣáájú pákéèjì rẹ̀ kí àwọn pákéèjì náà tó bá a. Ní àsìkò tí ẹ̀dà tuntun bá sì ń sún mọ́, pkg_add lè máa wá fódà release tí kò tíì sí, àfi kí a fi -D snap kún un. Bí gbogbo èyí kò bá ran, pkg_info yóò fi orúkọ olùtọ́jú pákéèjì náà hàn ní ìlà Maintainer. Ohun tí a ó kọ ránṣẹ́ sí i ni èsì sysctl -n kern.version, àdírẹ́sì tó wà nínú installurl, àti gbogbo ohun tí pkg_add kọ, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, láìgé e kúrú, torí ìlà tí a rò pé kò ṣe pàtàkì lè jẹ́ èyí tó gbé nọ́ńbà láíbúrárì náà.